Ṣé òkúta ojú ọ̀run kan náà ló pa gbogbo wọn ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti tó oṣù kan témi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń fà á. Ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo ìgbà tí nǹkan ẹlẹ́mìí kú rẹpẹtẹ láyé àtijọ́, lẹ́ẹ̀marùn-ún tí wọ́n ń kà, òkúta láti ojú ọ̀run ló fà á, àti pé irú ẹ̀ náà ló mú kí ayé tutù lójijì ní nǹkan bí 12,900 ọdún sẹ́yìn tó sì pa àwọn erin onírun. Mo ní kò lè jẹ́ nǹkan kan náà ní gbogbo ìgbà, wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá, mi ò rí mú wá. Wọ́n tún ní kí n má dárúkọ òkè ayọnáyèéfín rárá torí pé ó ń bú lọ́dọọdún, a ò sì kú. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì?

* * *

Ìwọ lo jàre, ṣùgbọ́n má tíì máa yọ̀, torí ẹ̀gbọ́n ẹ ò sọ̀rọ̀ lásán. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n rí ẹjọ́ kan tí ẹ̀rí ẹ̀ pé, wọ́n wá fi ìdájọ́ yẹn dá mẹ́rin tó kù.

Ìparun ńlá márùn-ún yẹn, àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí mílíọ̀nù 445 ọdún sẹ́yìn, ìkejì ní mílíọ̀nù 372, ìkẹta tó burú jù ní mílíọ̀nù 252, ìkẹrin ní mílíọ̀nù 201, ìkarùn-ún tó kó dáínásọ̀ lọ ní mílíọ̀nù 66. Ìkarùn-ún nìkan la rí òkúta tó bọ́, tá a rí kòtò tó gbẹ́ ní Mẹ́síkò, tí ọjọ́ orí kòtò náà sì bá ọjọ́ ikú mu rẹ́gí. Ìkẹta àti ìkẹrin, iná abẹ́ ilẹ̀ ni ẹ̀rí tọ́ka sí. Àkọ́kọ́, òtútù ni, màá padà síbẹ̀. Ìkejì ni ìjà ṣì pọ̀ lórí ẹ̀ jù, ó sì gùn ju ìyókù lọ, ká fi sílẹ̀ ná.

Ohun tí kò jẹ́ kí n gba "òkúta ni gbogbo ẹ̀" ni pé òkúta ńlá ti bọ́ rí tí kò sí ìparun kankan tó tẹ̀ lé e. Ẹ lọ wo kòtò Manicouagan ní Kánádà, omi yí i ká bí òrùka, ó hàn láti òkè réré. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí 100 kìlómítà, ọjọ́ orí ẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù 214 ọdún. Popigai ní Sàìbéríà náà fẹ̀ tó 100 kìlómítà, tiẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù 36 ọdún. Kò sí ìkankan nínú ìparun márààrún tó bá ọjọ́ méjèèjì yẹn mu. Tó bá jẹ́ pé bíbọ́ òkúta ti tó láti pa ayé, àwọn ẹ̀dá ìgbà yẹn ì bá ti lọ.

Nítorí náà, nígbà tẹ́ ẹ bá tún jókòó, bi ẹ̀gbọ́n ẹ pé kí ló fà á tí ti Mẹ́síkò fi pààyàn tán, àní ẹ̀dá tán, tí ti Kánádà ò sì ṣe bẹ́ẹ̀?

* * *

Ẹnì kan ti dáhùn pé ti Mẹ́síkò tóbi jù ni. Ó tóbi jù lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ìtóbi nìkan ni, ibí gan-an sì ni èmi ti kọ́ ohun tó yí èrò mi padà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe rí i. Walter Alvarez tó jẹ́ onímọ̀ nípa òkúta ń wo ìpele amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní Gubbio ní Ítálì. Lábẹ́ amọ̀ yẹn, òkúta ẹfun kún fún ìkarahun àwọn ẹ̀dá tíntìntín inú òkun, tó o bá wo òkè ẹ̀, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá. Ó fẹ́ mọ iye ọdún tí amọ̀ náà fi kóra jọ. Bàbá ẹ̀, Luis Alvarez, tó ti gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì, ní kí wọ́n wọn iridium, irú irin kan, tó wà nínú ẹ̀, torí pé iridium ṣọ̀wọ́n gan-an lójú ilẹ̀ ayé, eruku tó ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òfuurufú ló ń mú un wá. Àwọn àti Frank Asaro àti Helen Michel wá rí i pé ó fi nǹkan bí ìlọ́po 30 pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nígbà tí wọ́n wọn ti Dẹ́ńmáàkì, ìlọ́po 160. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1980, ariwo sì ta. Kòtò fúnra ẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Chicxulub ní Mẹ́síkò, àwọn tó ń wá epo rọ̀bì ló kọ́kọ́ kíyè sí i, ó di 1991 káwọn onímọ̀ tó gbà pé òun ni. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí 180 kìlómítà.

Ilẹ̀ tó bọ́ sí wá ńkọ́? Òkúta ẹfun àti irú òkúta jípúsọ̀mù, èyí tí wọ́n fi ń ṣe POP. Jípúsọ̀mù kún fún imí ọjọ́. Òkúta ẹfun náà, gáàsì káábọ̀n ló há sínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ da fínígà sórí èèpo ẹyin kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa hó, nǹkan kan náà ni èèpo ẹyin àti òkúta ẹfun. Mo ṣe é fáwọn ọmọ mi, èyí tó kéré jù bi mí pé ṣé gbogbo òkúta ló ń mí ni, ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi gan-an torí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ tá à ń sọ yìí. Òkúta kan wà tó bá gbóná, kò sí nǹkan tó máa jáde nínú ẹ̀, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé àpò gáàsì ni.

Ní 2016 wọ́n gbẹ́ ihò wọ inú kòtò Chicxulub. Nínú àwọn àfọ́kù òkúta tó kún inú ẹ̀, ó yẹ kí òkúta onímí-ọjọ́ pọ̀, torí ó pọ̀ nínú ilẹ̀ tó yí ibẹ̀ ká, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá. Èéfín ló dà, ó ti gòkè lọ sójú sánmà. Ẹ sì mọ ohun tí imí ọjọ́ ń ṣe tó bá dé òkè lọ́hùn-ún, ó máa ń dí oòrùn lójú. Òkè Pinatubo ní Philippines bú ní 1991, ìwọ̀nba tó tú sókè mú kí gbogbo ayé tutù pẹ̀lú nǹkan bí ìdajì dígírì fún ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òkè kan ṣoṣo nìyẹn o. Ti Mẹ́síkò fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlọ́po jù ú lọ, ó sì dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Oòrùn ò ráyè, ewéko ò rí oúnjẹ sè, ohun tíntìntín inú òkun tí ẹja ń jẹ kú, ẹni tó ń jẹ wọ́n tẹ̀ lé wọn. Nǹkan bí ìdá 75 nínú 100 irú àwọn ẹ̀dá tó wà nígbà yẹn ló lọ.

Ibi tí òkúta bọ́ sí ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Tó bá jẹ́ pé inú òkun jíjìn níbi tí jípúsọ̀mù ò sí ló bọ́ sí, mo gbà pé ìtàn ì bá yàtọ̀.

* * *

Ó kan "òkè ayọnáyèéfín ń bú lọ́dọọdún, a ò sì kú".

Òkè tó ní ẹnu ṣóńṣó lókè ni ẹ̀gbọ́n ẹ ń rò. Ti Sàìbéríà ní mílíọ̀nù 252 ọdún sẹ́yìn kì í ṣe òkè. Ilẹ̀ ló la, òkúta yíyọ́ ń ṣàn jáde, ó ń tutù, òmíràn tún ń ṣàn lé e lórí fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ọdún, títí tó fi bo ilẹ̀ tó gbòòrò ju ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lọ. Kò sí ẹni tó wà láyé lónìí tó rí irú ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, torí ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gbèjà iná abẹ́ ilẹ̀ pàápàá ti máa ń kọjá láì kíyè sí i. Wọ́n ti wọn ọjọ́ orí àwọn òkúta yẹn, wọ́n ń lo zircon, irú hóró líle kan tó máa ń wà nínú òkúta, yuréníọ́ọ̀mù tó wà nínú ẹ̀ máa ń di òjé díẹ̀díẹ̀, fífi iye méjèèjì wéra ló ń sọ ọdún. Wọ́n ṣe é ní Sàìbéríà, wọ́n ṣe é ní Meishan ní Ṣáínà níbi tí eérú wà láàárín ìpele òkúta tí ikú hàn nínú ẹ̀ kedere. Ohun tí wọ́n rí ni pé òkúta yíyọ́ ti ń ṣàn lójú ilẹ̀ fún nǹkan bí 300,000 ọdún kí ikú tó dé. Ọ̀pọ̀ jù nínú ohun tó ṣàn yẹn ti ṣàn tán, ayé ò sì parun!

Kí ló wá yí padà? Ọ̀nà òkè dí, òkúta yíyọ́ wá ń yà gba ẹ̀gbẹ́, ó ń wọ àárín àwọn ìpele tó wà nísàlẹ̀, àwọn ìpele yẹn sì jẹ́ èédú ilẹ̀, iyọ̀, òkúta ẹfun. Ó sè wọ́n. Ká ní ẹnì kan ti iná bọ abẹ́ ilé tí gbogbo àjà ẹ̀ kún fún epo. Káábọ̀n inú èédú tó ti wà níbẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, gáàsì tó ti ara iyọ̀ jáde ń ba ósóònù jẹ́, ìyẹn gáàsì òkè tó ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó ń pani lára. Ní àríwá Kánádà lọ́hùn-ún, wọ́n rí eérú èédú nínú òkúta ìgbà yẹn. Ọjọ́ tí èyí bẹ̀rẹ̀ ló bá ọjọ́ ikú mu. Ikú yẹn ò sì ju nǹkan bí 60,000 ọdún lọ, ó lè má tó bẹ́ẹ̀, nínú ìṣirò òkúta ìyẹn ò ju kéèyàn ṣẹ́jú lọ.

Omi òkun gbóná tó nǹkan bí dígírì 10 ní agbègbè tí oòrùn ti ń ràn jù, omi gbígbóná kì í di ọ́síjìn mú, káábọ̀n tó wọ inú omi sì sọ ọ́ di kíkan, ẹ̀dá tó ń mọ ìkarahun ò rí i mọ. Ju ìdá 80 nínú 100 irú ẹ̀dá inú òkun ló tán. Lẹ́yìn ẹ̀, fún nǹkan bí mílíọ̀nù 10 ọdún, kò sí èédú tuntun kankan nínú òkúta níbikíbi láyé, torí pé igbó ẹlẹ́rẹ̀ tí ń di èédú ò sí mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dà mí láàmú tí mo bá rántí ẹ̀.

Ṣé ẹ wá rí i pé ó jọ ti Mẹ́síkò? Ohun tó ṣẹ́ná sí i yàtọ̀, ohun tó wà nílẹ̀ tó jóná ló pa wọ́n.

* * *

"Ṣé iná Deccan ní Íńdíà ò wá ṣe nǹkan kan sí dáínásọ̀ ni? Ìgbà kan náà ni wọ́n jọ wà."

Ọ̀gá mi, ẹ fọwọ́ kan egbò. Deccan ni ibi tí ilẹ̀ ti la tí òkúta yíyọ́ ṣàn jáde ní Íńdíà bíi ti Sàìbéríà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbèjà ẹ̀. Mo rò pé àwọn ọlọ́kùúta kàn fẹ́ràn ìtàn tó ń dún gbàmù ni. Mo máa ń tọ́ka sí iṣẹ́ Gerta Keller, onímọ̀ nípa òkúta, tó dúró lórí ẹ̀ pé iná Íńdíà ló ṣe é, ọgbọ́n ẹ̀ sì wù mí, ó ń wo ìpele òkúta ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà, kì í gbé ọ̀rọ̀ lé afẹ́fẹ́.

Ohun tó mú kí n fà sẹ́yìn ni ìgbóná omi òkun. Àwọn ìkarahun tíntìntín inú òkun máa ń tọ́jú àmì bí omi ṣe gbóná sí nígbà tí wọ́n wà láàyè. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n, ó hàn pé ayé gbóná pẹ̀lú nǹkan bí dígírì 2 ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ọdún kí òkúta tó bọ́, tó bá àkókò tí Deccan ń ṣàn mu, lẹ́yìn náà ó tún tutù padà. Kí òkúta tó bọ́ ni mo wí. Àwọn ẹ̀dá yẹn la ooru yẹn já. Ó ṣòro fún mi láti máa ní ohun tí wọ́n là já tán ló tún padà wá pa wọ́n.

Àmọ́ ìjà ò tán o. Ní 2019 ikọ̀ méjì tẹ iṣẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà lórí ọjọ́ orí òkúta Deccan, ọ̀kan fi zircon ṣírò, ó ní ìṣàn ńlá kan ti wà ní ẹgbẹẹgbàárùn-ún ọdún kí òkúta tó bọ́, èkejì lo ọ̀nà míì, ó ní èyí tó pọ̀ jù ṣàn lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ní bíbọ́ òkúta náà ló mi ilẹ̀ tìtì tí Íńdíà fi ń yára ṣàn sí i. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé tí Deccan bá dá sí i, olùrànlọ́wọ́ ni.

* * *

Wọ́n bi mí nípa ìràwọ̀ tó bú tí ìtànṣán ẹ̀ jó ayé. Wọ́n dábàá ẹ̀ fún ìparun àkọ́kọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fi àmì kankan sílẹ̀ nínú òkúta tá a lè fọwọ́ kàn, nítorí náà mi ò mọ bí èèyàn ṣe fẹ́ dán an wò. Ìràwọ̀ ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n pè ní Nemesis náà, tí wọ́n ní ó ń ti òkúta sọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1984 nígbà tí Raup àti Sepkoski, onímọ̀ méjì nípa ẹ̀dá àtijọ́, kọ̀wé pé ìparun máa ń wáyé ní gbogbo mílíọ̀nù 26 ọdún. Ẹ̀rọ awòràwọ̀ WISE ti NASA ti wo gbogbo ojú sánmà, kò rí irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú.

* * *

"Ṣùgbọ́n dáínásọ̀ ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀ kí òkúta tó bọ́, egungun wọn ti pòórá nínú ìpele tó wà nísàlẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ò ní tán nílẹ̀ láéláé, ó sì yẹ ká dúró tì í torí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, èmi náà wà lára wọn.

Ẹ wò ó báyìí. Tí ẹnì kan nínú ẹbí kì í bá ṣe ju ìgbà kan lọ́dún tó máa ń pe yín lórí fóònù, ọjọ́ tó pè yín kẹ́yìn kọ́ ni ọjọ́ tó kú. Ó lè ti gbé oṣù mẹ́wàá sí i. Ẹni tó ń pè lójoojúmọ́ ni ọjọ́ tó pè kẹ́yìn máa sún mọ́ ọjọ́ ikú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni egungun inú òkúta. Ẹ̀dá tó ṣọ̀wọ́n, egungun ẹ̀ tó gbẹ̀yìn tá a máa rí á jìnnà sí ọjọ́ tó tán lóòótọ́. Tí gbogbo wọn bá kú lọ́jọ́ kan náà, ohun tá a máa rí nínú òkúta ṣì máa dà bíi pé wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ méjì, Signor àti Lipps, ló ṣàlàyé ẹ̀ ní 1982, orúkọ wọn sì ni wọ́n fi ń pè é.

Nílẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn máa ń sọ nípa àlàfo mítà 3, pé nínú mítà 3 tó wà lábẹ́ ìpele iridium, kò sí egungun dáínásọ̀ kankan, torí náà wọ́n ti tán kí òkúta tó dé. Ní 2011 ìròyìn jáde pé wọ́n rí ìwo dáínásọ̀ kan tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 13 lọ sí ìpele yẹn. Ìwo kan ṣoṣo, àlàfo lọ. Ìyẹn ò ní kéèyàn má sọ pé wọ́n ń dín kù, ó ṣeé ṣe kí irú kan tàbí méjì ti máa lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi àìrí egungun ṣe ẹ̀rí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún wa bí egungun yẹn ṣe máa ń ṣọ̀wọ́n tó.

* * *

Ó wá di ti 12,900 ọdún sẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n ẹ fi parí ọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ibí ló máa dùn wọ́n jù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Yìnyín ńlá ti ń yọ́, ayé ti ń móoru, lójijì òtútù padà dé àríwá ayé, ó sì dúró fún nǹkan bí 1,200 ọdún, di nǹkan bí 11,700 ọdún sẹ́yìn. Wọ́n ń pè é ní Younger Dryas, òdòdó kékeré kan tó fẹ́ràn òtútù ló ń jẹ́ dryas, ewé ẹ̀ ló kún inú ẹrẹ̀ adágún ìgbà yẹn. Nígbà tó sì máa parí, Greenland gbóná pẹ̀lú nǹkan bí dígírì 10 láàárín ẹ̀wádún ọdún mélòó kan, àsìkò tí ọmọ kan máa fi dàgbà kó bí tiẹ̀.

Àlàyé tó pẹ́ jù ni ti omi. Omi òkun Àtìláńtíìkì máa ń gbé ooru lọ sí àríwá, tó bá débẹ̀, á tutù, iyọ̀ inú ẹ̀ á jẹ́ kó wúwo, á rì, òmíràn á tẹ̀ lé e. Tí omi dídùn tó pọ̀ láti ara yìnyín yíyọ́ bá ya wọ ibẹ̀, bí irú èyí tó wà nínú Agassiz, adágún ńlá ìgbà yẹn ní Àríwá Amẹ́ríkà, omi ojú òkun á fúyẹ́, kò ní rì mọ́, ooru ò ní dé àríwá. Ibi tí omi yẹn gbà jáde ni wọ́n ń jà sí, àwọn kan ní odò St. Lawrence, àwọn kan ní àríwá ló gbà lọ sínú òkun yìnyín. Ìjà gidi ni, kì í ṣe ìjà ẹnu.

Àwọn tó ní òkúta tàbí ìràwọ̀ onírù ló bọ́, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà jáde ní 2007. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, torí pé nǹkan kan wà lọ́wọ́ wọn. Ní 2013 wọ́n rí i nínú ọ̀pá yìnyín tí wọ́n gbẹ́ jáde ní Greenland pé plátínọ́ọ̀mù, irin tó ṣọ̀wọ́n lójú ilẹ̀ bíi iridium, pọ̀ sí i lójijì ní àsìkò yẹn. Àmì gidi nìyẹn, ó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀. Ní 2018 wọ́n tún kéde pé kòtò kan wà lábẹ́ yìnyín Hiawatha ní Greenland, fífẹ̀ ẹ̀ tó nǹkan bí 31 kìlómítà, ayọ̀ kún inú ọ̀pọ̀ èèyàn, mo rántí bí wọ́n ṣe ń fi ránṣẹ́ sí mi láti ibí láti ọ̀hún pé "ẹ̀rí ti dé". Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká wọn ọjọ́ orí ẹ̀. Wọ́n ní alátakò ni mí. Ní 2022 wọ́n wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 58 ọdún.

Ohun tí mo máa ń béèrè lọ́wọ́ wọn nìyí, mi ò sì tíì rí èsì tó tẹ́ mi lọ́rùn. Nínú yìnyín Greenland kan náà, ojú ọjọ́ fò sókè lójijì bẹ́ẹ̀ ní ìgbà tó tó nǹkan bí 25 nígbà tí yìnyín bo ayé kẹ́yìn, ó ń gbóná ní ẹ̀wádún ọdún mélòó kan, lẹ́yìn náà ó tún ń padà sí òtútù. Ṣé ìgbà 25 ni òkúta bọ́? Tí òkun àti yìnyín bá lè dá ṣe é tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí tìgbà yìí nìkan fi nílò ẹni tó máa tì í?

* * *

Àwọn erin onírun wá ńkọ́, mo ti gbàgbé wọn tẹ́lẹ̀.

Wọn ò kú tán ní 12,900. Ní erékùṣù Wrangel ní àríwá Rọ́ṣíà, wọ́n wà láàyè títí di nǹkan bí 4,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn ará Íjíbítì ti kọ́ pírámídì ńlá tán nígbà yẹn. Ní Ọsirélíà, àwọn ẹran ńlá ibẹ̀ ti lọ ní ohun tó ju 20,000 ọdún lọ ṣáájú Younger Dryas. Ní àwọn erékùṣù Karíbíánì, irú ẹranko onílọ̀ọ́ra kan tó tóbi, tí wọ́n ń pè ní sloth, wà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn tí tàwọn orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti tán. Òkúta kan tó bọ́ lọ́jọ́ kan ò lè pa wọ́n ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi ọjọ́ ikú wọn lé ọjọ́ tí ọmọ ènìyàn dé ibẹ̀, ẹ máa rí i pé ó sún mọ́ra ju bó ṣe sún mọ́ ojú ọjọ́ lọ. Nǹkan bí 125,000 ọdún sẹ́yìn, ayé gbóná bíi tòní, àwọn erin yẹn sì là á já. Èmi gbà pé ojú ọjọ́ dín ibùgbé wọn kù, ọdẹ wá parí ẹ̀. Àwọn kan ò gbà, ní àríwá Éṣíà pàápàá wọ́n ní ọ̀rọ̀ ewéko ló ju ọ̀rọ̀ ọdẹ lọ, wọ́n sì ní ẹ̀rí tó yẹ ká gbọ́.

* * *

"Ẹ ti sọ òkúta, ẹ sọ iná, ẹ sọ omi, ẹ sọ ọdẹ. Ṣé kò wá sí nǹkan kan tó so wọ́n pọ̀ ni? Ẹ̀gbọ́n mi á ní ẹ ò dáhùn."

Àbúrò, ó wà. Bó ṣe yára tó ni.

Wo mílíọ̀nù 56 ọdún sẹ́yìn. Ayé gbóná pẹ̀lú dígírì 5 sí 8, káábọ̀n tó jáde pọ̀ gan-an. Tó bá jẹ́ pé ooru nìkan ló ń pani, ó yẹ ká kà á mọ́ àwọn ìparun ńlá. A ò kà á mọ́ ọn. Àwọn ẹ̀dá tíntìntín ìsàlẹ̀ òkun kú lóòótọ́, ìdá 30 sí 50 nínú 100 irú wọn, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀, àwọn ẹran ṣí lọ síbòmíì, ara wọn sì kéré sí i. Ẹṣin ìgbà yẹn kan wà tó wá kéré bí ológbò! Káábọ̀n yẹn gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kó tó jáde tán. Òkun ráyè gbà á mì díẹ̀díẹ̀, ẹran ráyè rìn. Káábọ̀n tí àwa ń tú jáde lọ́dọọdún báyìí yára tó nǹkan bí ìlọ́po 10 ju tìgbà yẹn lọ, ó yẹ kí ẹni tó ń fi ìgbà yẹn tu ara ẹ̀ nínú mọ ìyẹn.

Ti àkọ́kọ́ tí mo ní màá padà sí, ní mílíọ̀nù 445, ọ̀nà míì ló gbà. Ní Àlùgẹ́ríà, láàárín aṣálẹ̀ Sàhárà, ojú òkúta wà tí yìnyín ha, ilà gbọọrọ gbọọrọ, torí pé ilẹ̀ yẹn wà nítòsí ìpẹ̀kun gúúsù ayé nígbà náà. Omi di yìnyín, òkun fà sẹ́yìn, àwọn òkun tí kò jìn tí ẹ̀dá pọ̀ sí jù gbẹ. Ibi tí wọ́n ń gbé ló kúrò lábẹ́ wọn. Kí ló mú òtútù yẹn wá, àwọn kan ní òkè tuntun tí òjò ń fọ̀ ló ń fa káábọ̀n kúrò nínú afẹ́fẹ́, àwọn kan ní ewéko àkọ́kọ́ tó hù sórí ilẹ̀ ló ṣe irú ẹ̀. Mo fẹ́ràn ti ewéko, ṣùgbọ́n ìfẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí.

Nítorí náà ohun tí wàá bi ẹ̀gbọ́n ẹ nípa ìparun èyíkéyìí ni, kí ló wà nínú ilẹ̀ tí nǹkan ọ̀hún kàn, ọdún mélòó ló fi jáde, ṣé ọjọ́ orí ẹ̀ bá ọjọ́ ikú mu?

* * *

Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ti dé, ẹ káàbọ̀ sà. Wọ́n ní kí n má fi kòtò Nadir pamọ́.

Mi ò fi pamọ́. Ìròyìn ẹ̀ jáde ní 2022, ó wà lábẹ́ ilẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì ní nǹkan bí 400 kìlómítà sí etíkun Gíní, fífẹ̀ ẹ̀ tó nǹkan bí 9 kìlómítà, àwọn àwòrán tí wọ́n yà lábẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn náà sì mú kí ó dájú sí i pé òkúta ló gbẹ́ ẹ. Ó wà ní ìpele tó sún mọ́ mílíọ̀nù 66 ọdún, òótọ́ ni ẹ sọ, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òkúta Mẹ́síkò ò dá wá. Ṣùgbọ́n 9 ni sà, 180 ni ti Mẹ́síkò. Tí nǹkan méjèèjì bá tiẹ̀ bọ́ lọ́jọ́ kan náà, èyí ò lè fi nǹkan kan kún ikú ayé ju ìgbì òkun ńlá tó máa dà sí etíkun tó yí i ká lọ.

Àwòrán ni gbogbo ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n títí di báyìí. Wọn ò tíì gbẹ́ ihò kan ibẹ̀ láti mú òkúta ẹ̀ jáde. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ tí wọ́n wọn ọjọ́ orí ẹ̀, tó bá bá ti Mẹ́síkò mu, èmi fúnra mi ni màá kọ́kọ́ wá kọ ọ́ síbí pé ẹ jàre lórí ìyẹn.